Ẹ̀bi Owó Iná Kì Í Ṣe Ti NEPA Nìkan

Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó pọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà, tí ọ̀rọ̀ owó iná sì ṣẹ́ yọ, ẹnì kan náà ni wọn yóò dá lẹ́bi. NEPA ni, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Orúkọ rẹ̀ ti yí padà lemọ́lemọ́: ECN ni lọ́dún 1950, ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, kí ìjọba tó pín in tà fún àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, tí Eko Electric àti Ikeja Electric fi pín ìlú Èkó mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lẹ́nu ará Mushin, NEPA náà ni títí dòní. Èrò tó wà nídìí ẹ̀sùn yìí kò le: iná kò tó, èyí tó wà sì wọ́n, bí iná bá dúró, tí owó rẹ̀ sì rọjú, ìyà tán. Tí ẹ bá wá bi wọ́n léèrè ìdí tí ilé kan fi ń jẹ iná ju èkejì lọ, ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n wọn: olówó ń lo AC, mẹ̀kúnnù ń lo fáànù. Owó ni, NEPA ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èmi ní kò tíì bùṣe. Kí mítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni a ti pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí a ó máa san. Ọjọ́ tí a yan irú ibi tó wù wá láti gbé la pinnu rẹ̀: irú wíńdò tí a fẹ́, bí fẹ́ǹsì yóò ṣe ga tó, bóyá igi ni yóò wà lágbàlá àbí kọnkéré la ó dà kún un. Ooru tí à ń fi owó iná lé jáde nínú ilé wa, àwa la kọ́ ọ mọ́lé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá gbèjà àwọn tó ń ta iná. Orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù, tó jẹ́ pé nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì ni gbogbo wọn ń pín, kò ní ohun tí yóò fi yangàn. Lọ́dún 2024, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni wáyà ńlá orílẹ̀-èdè dákú, tí òkùnkùn sì bo ìlú káàkiri. Ẹ̀sùn yẹn dúró. Ohun tí mò ń bá jà ni bí a ṣe sọ ọ́ di ìbòjú, tí a kò fi wo ọwọ́ ara wa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Mainland tẹ́lẹ̀. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ Jaekel House tó wà nínú ọgbà Réluwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ó ṣáájú AC dé ayé, nítorí 1902 ni Willis Carrier ṣe ti àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí yóò sùn nínú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹni tó sì kọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1924, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Yábàá wà lára ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n fi okùn wọ̀n, tí wọ́n la títì sí, tí wọ́n fi àyè sáàárín ilé àti ilé. Kì í ṣe torí kí ó lè dùn-ún wò. Wọ́n gbà pé ibi tí ilé bá ti fún mọ́ra, tí atẹ́gùn kò ráyè gbà kọjá, ibẹ̀ ni àrùn ń sọ di ilé. Ní 1955, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, Sùúrùlérè ni wọ́n kó àwọn èèyàn náà lọ. N kò ní purọ́ pé inú wọn dùn. Peter Marris, òyìnbó tó ṣèwádìí láàrin wọn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1961 pé ọ̀pọ̀ wọn ló sọ pé ẹbí àwọn jìnnà, oníbàárà àwọn jìnnà, owó ọkọ̀ sì ń gbọ́n àpò àwọn gbẹ. Ìlú tuntun náà gba púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kò gbà, torí ilé náà kò ga, wọn kò sì kọ́ ọ lé ara wọn lórí.

Lọ́dún 1956, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya òyìnbó tó yàwòrán ọ̀pọ̀ nínú ilé Yunifásítì Ìbàdàn, gbé ìwé kan jáde lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tí ọ̀rinrin pọ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń sọ kò lọ́jú pọ̀: kọjú ilé sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, má jẹ́ kí yàrá méjì dí ara wọn lọ́nà, ṣí ògiri níwájú àti lẹ́yìn, fi òrùlé bo ògiri kí oòrùn má bàa nà án. Ní Èkó, láti orí òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ìmọ̀ yìí kò sọnù. UNILAG ní Akọkà àti Yaba Tech ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ìyàwòrán ilé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tó wù wá ló yí padà.

Ẹni tó bá rin Sùúrùlérè láti Bọ́dé Thomas dé Ògùnlànà Drive yóò rí i. Baba onílé kú, àwọn ọmọ pín ogún, wọ́n ta ilé ilẹ̀ tó ní àgbàlá fún ẹni tó ń kọ́lé tà. Igi máńgòrò ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Ilé alájà mẹ́rin yọ sókè níbẹ̀, ó fẹ̀ láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì, wọ́n sì to íńtálọ́ọ̀kì sí gbogbo ilẹ̀ tó kù kí mọ́tò lè ráyè dúró. Ní Yábàá, bó ṣe rí níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ sí ni pé wọ́n ń gé ilé àtijọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ sí self-contain, yàrá kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju wíńdò kan lọ. Afẹ́fẹ́ kì í wọ yàrá tí kò bá ní ibi tí yóò gbà jáde. Kò sí èyí tí ejẹ́ńtì yóò sọ fún ẹni tó wá wo ilé nínú gbogbo èyí. Ohun tí yóò sọ ni pé tááìsì ló wà nílẹ̀, POP ló wà lókè, àyè AC sì ti wà lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ wíńdò yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Wíńdò lúfà àtijọ́, onígíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí èèyàn bá ṣí i, ojú ihò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátá. Òjò lè máa rọ̀, kí èèyàn dà á kọ síta díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé. Sliding tó wà lóde báyìí, bó ti wù kó tóbi tó, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí. Ìdajì kejì ti sá sẹ́yìn èyí tó dúró. Tí òjò bá dé, àfi kí a tì í pa. Gíláàsì náà a sì máa gba oòrùn sínú yàrá láti aago méjì ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, torí pé a ti gé òrùlé tó yẹ kó yọ síta bò ó. Ilé tí òrùlé rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ògiri ló wà lóde. A bọ́ fìlà lórí ilé tán, a wá ń ṣe kàyéfì pé oòrùn ń pa á.

Kí ló dé tí a fi fẹ́ràn rẹ̀? Nítorí pé ó jọ ti òkè òkun, ó jọ ti Lẹ́kí. Lúfà ti di ti ilé ìwé ìjọba àti ti ilé àwọn òbí wa. Mo ti gbọ́ kí onílé kan máa fi yangàn fún àlejò pé òun ti yọ gbogbo lúfà ilé òun dànù, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló kó kúrò.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ná wa. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́, di 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó rọ̀ sí bíi 209. AC 1.5HP ń gba nǹkan bíi 1,100 wáàtì. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá sinmi fún wákàtí mẹ́jọ tí a fi sùn, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn nínú yàrá tí oòrùn ti yan láti ọ̀sán, ó ti jẹ kílówáàtì-wákàtí 8.8, ìyẹn bíi 1,840 náírà lálẹ́ ọjọ́ kan, 55,000 náírà lóṣù. Yàrá kan ṣoṣo mà nìyẹn o. Fáànù onídùúró tó ń gba 60 wáàtì, tó bá fẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ kan náà, 100 náírà ló máa jẹ, 3,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Kò sí bí NEPA ṣe lè dára tó tí 55,000 yóò fi di 3,000. Irú yàrá tí fáànù lè tó fún nìkan ló lè ṣe é.

AC kì í pa ooru. Ṣe ló ń kó o láti inú yàrá mi, tó ń dà á sí ojú wíńdò yàrá ẹlòmíràn, tó tún fi ti ẹ̀rọ tirẹ̀ kún un. Níbi tí ilé méjì ò ti jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ, bí wọ́n ṣe wà ní Adélabú tàbí Àgùdà, ojú wíńdò aládùúgbò ni mo ń fẹ́ ooru mi sí. Ó ti wíńdò tirẹ̀, ó ra AC tirẹ̀, ó sì dá a padà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Jẹnẹrétọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ẹnì kan tan tirẹ̀ nínú àlàfo ilé, èéfín wọ yàrá mẹ́fà, gbogbo wọn ti wíńdò, ooru mú wọn, àwọn náà lọ gbé tiwọn. Ẹni tó bá ní ohun tó wu èèyàn nínú ilé rẹ̀ kò kan aládùúgbò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé Láwánsọ̀n.

Àwọn tó ń takò mí ní ìdáhùn, kì í sì í ṣe ìdáhùn yẹpẹrẹ. Wọ́n ní olè ló jẹ́ ká ga fẹ́ǹsì, ẹ̀fọn ló jẹ́ ká ti wíńdò, ariwo ló jẹ́ ká sé ara wa mọ́lé. Ti ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì wà, ó sì bá lúfà ṣe dáadáa. Ohun tí a ń ná lórí AC fún oṣù kan á kan nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo wíńdò ilé. Ti olè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin tó ní ihò ń dá olè dúró bí ògiri ṣe ń dá a dúró, kì í dá afẹ́fẹ́ dúró pẹ̀lú. Ògiri gogoro tún ń bo olè tó bá ti wọlé tán, tí aládùúgbò kò fi rí i. Ti ariwo ni mo gbà fún wọn jù. Kò sẹ́ni tó lè ṣí wíńdò sí gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń dún di òru mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ariwo wo ló pọ̀ jù lálẹ́ ní Ìtìrẹ́? Jẹnẹrétọ̀ àwa fúnra wa ni.

Ibi tí èrò tó gbòde yìí ti pa mí lẹ́kún jù ni Mushin. Wọn a ní àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀ torí wọn kò lówó, nítorí náà ọ̀rọ̀ irú ilé tó wu èèyàn kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilé ibẹ̀ ṣe di bó ṣe rí. Títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Mushin wà, kì í ṣe abẹ́ LEDB. Ìlú ń kún, ẹnikẹ́ni kò wọn ojúlé. Ilé face-me-I-face-you ni wọ́n kọ́: ọ̀nà gbọọrọ kan láàrin, yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, wíńdò kan fún ìdílé kan, páànù lókè tí kò sí nǹkankan lábẹ́ rẹ̀ ju sílíìnì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ta ni ilé yẹn wù? Onílé tó kọ́ ọ ló wù, nítorí owó yàrá mẹ́wàá ló fẹ́ gbà. Ayálégbé ló ń san owó ooru inú rẹ̀. Ẹni tó yan páànù àti wíńdò kọ́ ló ń ra bẹntiróòlù.

Ẹ wo bó ṣe ń ra á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí I-better-pass-my-neighbour, tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, kì í mú ju kílówáàtì-wákàtí kan sí méjì jáde nínú lítà kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà bẹntiróòlù ti wọ nǹkan bíi 1,000 náírà l'Ékòó. Ìyẹn ni pé nígbà náà, ìyá tó ń gbé yàrá kan ní Ìdí-Orò ń ra iná ní ohun tó lé ní ìlọ́po méjì sí nǹkan bíi ìlọ́po márùn-ún iye tí ọlọ́lá Band A ń rà á, kí fáànù kan lè máa fẹ́ sí àwọn ọmọ. Bí yàrá yẹn bá ní wíńdò ní ẹ̀gbẹ́ méjì, tí nǹkan gidi sì wà láàrin páànù àti orí wọn, ọ̀pọ̀ òru ni kò ní tan ohunkóhun. Nítorí náà kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ibùgbé kò kan tálákà. Òun ló kàn jù, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń bá a yàn án.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ti fi NEPA sílẹ̀, tí ìgbàgbọ́ wọn ti ṣí lọ sọ́dọ̀ sólà. Sólà dára, mo sì gbà wọ́n níyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè iye tí yóò gbà, ìbéèrè tí òun náà yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé: ṣé ẹ ó gbé AC sí i? Tí ẹ bá ní rárá, pánẹ́ẹ̀lì mélòó kan àti bátìrì kan ti tó fún iná, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bátìrì yóò pọ̀ sí i, ínfátà yóò tóbi sí i, owó yóò sì gòkè fíofío. Sólà náà kò bọ́ lọ́wọ́ ilé tí a kọ́ bí ààrò.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ, òun sì ni gbòǹgbò. Lójú wa, ara tó ń làágùn jẹ́ ara tálákà. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ báńkì yóò fi wọ kóòtù tí yóò sì so táì mọ́rùn nínú ooru oṣù kẹta, tí wọn yóò wá mú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ tutù títí tí yóò fi máa gbọ̀n. Lọ́dún 2005, ìjọba Japan ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ kóòtù, kí wọ́n tú táì, kí ilé iṣẹ́ má sì mú AC wálẹ̀ ju ìwọ̀n 28 lórí Celsius lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Cool Biz ni wọ́n pè é, àwọn olóyè ìjọba ló sì kọ́kọ́ bọ́ tiwọn kí ará ìlú lè rí i. Wọ́n lówó jù wá, iná wọn kì í sì í dákú bíi tiwa. Àwa tí a ní bùbá àti dàǹṣíkí, tí a mọ aṣọ tó ń gba afẹ́fẹ́ látayébáyé, a gbé e tì fún ọjọ́ Jímọ̀ nìkan.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́. Demas Nwoko, tó yàwòrán ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, ti ń kọ́ ilé tó ń gba afẹ́fẹ́ láyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé tí ń tutù láì sí ẹ̀rọ. Lọ́dún 2023, wọ́n pè é lọ sí Venice ní Ítálì, wọ́n sì fún un ní Golden Lion fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ayé kan sáárá sí i. Èmi kò rí ilé kan ní Sùúrùlérè tó ń tẹ̀lé e.

Àwọn òfin náà kò ṣàì sí. Láti 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde lórí bí ilé tuntun yóò ṣe dín iná kù, tó sọ̀rọ̀ ìbòòjì lórí gíláàsì, ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ òrùlé àti irú AC tó yẹ. Ní Èkó, ọdọọdún ni ìjọba ń gbin igi ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje láti 2008, èyí tí mo kí wọn fún, àmọ́ etí títì ni igi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, inú àgbàlá ni ti máńgòrò tí à ń gé. LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó, ló ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Wọ́n ń béèrè ìwé ilẹ̀, wọ́n ń béèrè owó, wọ́n ń béèrè iye mítà láti títì. Kí wọ́n máa béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì da àwòrán tí kò bá ní ìdáhùn padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ má gé igi yẹn, ẹ sì jẹ́ kí òrùlé yọ síta bo wíńdò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, nígbà tí ejẹ́ńtì bá mú yín dé yàrá, ẹ má kọ́kọ́ bi í bóyá Band A ni. Ẹ lọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ní kó pa gbogbo fáànù, kó ṣí gbogbo wíńdò, kí ẹ dúró nínú yàrá náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ má san owó ilé yẹn.